Omi Lílọ́ Wọ́ọ́rọ́ Tí Wọ́n Fi Fọ Ẹsẹ̀ Rọ̀kíbátù

Ẹni tó bá ń wá Rọ̀kíbátù ní Abúlé Òkúta kò nílò nọ́ńbà ilé. Kó ṣáà dúró lójú títì, kó tẹ́tí. Ibi tí ẹ̀rín bá ti ń dún ju rédíò lọ, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ ló ń tà fún àwọn aránṣọ Ṣómólú àti Bàrígà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ìdajì àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ kì í ra òwú kankan. Ìtàn ni wọ́n ń gbọ́. Obìnrin náà lẹ́nu! Bó bá sọ fún ọ pé ẹja kan gungi létí ọ̀sà, o ó kọ́kọ́ gbójú sókè wo igi ná, kó tó yé ọ pé ẹja kì í gungi.

Kò sì sí ìtàn tó dùn lẹ́nu rẹ̀ tó ìtàn ọjọ́ tó wọlé ọkọ.

"Ẹ gbọ́ mi," yóò wí, yóò sì ti páálí bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Tabitha wọ ilé yìí, lọ́dún 1969. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló gbé wa. Ràmọ́nù ló fẹ́ mi, Gbádégẹṣin àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ dé! Abẹ́òkúta ni èmi ti ń bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ti ń bọ̀, ta ni tirẹ̀ jìn? Mọ́tò wọn tún wá kú sọ́nà. Ìyàwó jókòó sẹ́bàá títì, ó ń jẹ àgbàdo sísun nínú aṣọ ìyàwó! Kí wọ́n tó dé, mo ti dúró lórí àtẹ̀gùn pupa yẹn, Ìyá ọkọ mi ti fọ ẹsẹ̀ mi, mo ti jókòó, mo ti jẹun. Omi wo ni wọ́n sì fi fọ̀ ọ́? Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́! Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe gbé omi kaná. Ẹ bi Tabitha léèrè omi tí wọ́n fi fọ tiẹ̀."

Tabitha kì í jìnnà. Aránṣọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Omi tútù ni o. Gbogbo ara mi ló gbọ̀n." Àwọn tó ń gbọ́ á pàtẹ́wọ́.

Lẹ́ẹ̀kan, Gbádégẹṣin ń kọjá lọ, ó ní, "Ìyàwó wa, àtẹ̀gùn pupa wo? Ọdún FESTAC ni mo kọ́ àtẹ̀gùn yẹn. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dé." Rọ̀kíbátù kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní kó máa lọ, pé ọkùnrin kì í mọ ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ kọ́ ló ń pa. Mo fẹ́ kíyẹn yé yín dáadáa, nítorí inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn pe Rọ̀kíbátù ní onírọ́. Ó ń rí ohun tó ń sọ. Ó ń rí àtẹ̀gùn náà, ó ń rí ọwọ́ Ìyá pẹ̀lú òrùka fàdákà, ó ń rí bàsíà. Ṣùgbọ́n ìrántí ọmọ aráyé kì í ṣe aṣọ tí a ká sínú àpótí tí a ó bá a bó ṣe wà. Ọbẹ̀ àná ni. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé e kaná la ń bu omi díẹ̀ sí i, tí a ń ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tó bá fi di ọgbọ̀n ọdún, ta ló lè sọ èyí tó jẹ́ ọbẹ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ omi?

Ẹ̀yin náà sì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bó fi wákàtí kan ṣáájú. Ọjọ́ orí kò sí ńbẹ̀. Kódà Tabitha ju Rọ̀kíbátù lọ bí ọdún méjì, síbẹ̀ láràárọ̀ ni Tabitha ń kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi." Rọ̀kíbátù á fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀: "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Ṣé o sùn dáadáa?" Bí wọ́n bá pín ẹran Iléyá, Rọ̀kíbátù ló ń kọ́kọ́ mú, bó bá sì mú èyí tó dára jù, yóò gé ìdajì rẹ̀ sínú abọ́ Tabitha nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn méjèèjì sì jọ ń bú ọkọ wọn pọ̀.

Ìyá ọkọ wọn nìkan ni ì bá là á yé wa, ṣùgbọ́n obìnrin àlàáfíà ni. Bí o bá bi í pé ta ló ṣáájú nínú wọn, á ní, "Ọjọ́ yẹn, orí mi ò sí lọ́rùn mi. Ìyàwó méjì ni mo ní, ó ti tó mi." Bó ṣe ń dáhùn nìyẹn títí tó fi dákẹ́ nínú àwẹ̀ tó kọjá.

Ikú Ìyá ló wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Yàrá rẹ̀ ni yàrá iwájú, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ìyálé ilé ló máa kó síbẹ̀, òun ni kọ́kọ́rọ́ ilé máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni wọ́n á máa pè ní Ìyá Ilé, òun ni wọ́n á máa gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọkàn Rọ̀kíbátù wà nínú yàrá náà ju bó ṣe jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti ra aṣọ kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù. Tabitha ló bá a rán an, kò sì gba owó iṣẹ́.

Bàbá Ikúmápàyí, àbúrò bàbá ọkọ wọn, ló wá láti Ìsẹ́yìn kó wá fi ìyálé jẹ. Ọjọ́ Sátidé tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá ni wọ́n fi ìpàdé sí, nítorí gbogbo èèyàn ló wà nílé. Láti àárọ̀ ni rédíò ti ń pariwo ní gbogbo ojúlé Abúlé Òkúta. Àwọn kan ń jó lójú títì, àwọn kan ń sọ pé àwọn á kọ́kọ́ wò ó ná.

Bàbá Ikúmápàyí kì í gba ìgbàkugbà. Ó jókòó sí pálọ̀, ó na ẹsẹ̀. "Ẹ má sọ fún mi pé gbogbo ayé ló mọ̀. Èmi ò mọ̀. Ta ló kọ́kọ́ wọlé? Ràmọ́nù, ìwọ lọkọ, sọ̀rọ̀."

Ràmọ́nù họ orí. "Bàbá, òkúta wà nínú ìrẹsì ọjọ́ náà. Eyín mi kan kán. Ìyẹn ni mo rántí."

"Gbádégẹṣin ńkọ́?"

"Bàtà ni, Bàbá. Bàtà tí mo yá ń há mi lẹ́sẹ̀. Mi ò rí nǹkan míì."

"Ẹ ẹ̀ rí àwọn ọkùnrin ilé yìí!" Bàbá yíjú sí Oyèbísí, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́nù àti Gbádégẹṣin lóbìnrin, tó ti ń gbé inú ilé náà kí ìyàwó kankan tó dé. "Ìwọ tó o wà nílé ńkọ́?"

"Èmi?" ni Oyèbísí wí. "Yàrá ẹ̀yìn ni mo wà, mo ń rọbí Adéjìmí! Ṣé ẹni tó ń rọbí ló máa jáde wá ka ìyàwó?" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an ni wọ́n bí Adéjìmí, láàárín ariwo àwọn tó ń dáná? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi dá a lápárá pé ó gbọ́ òórùn ìrẹsì ló ṣe sáré jáde.

Ó wá kan Rọ̀kíbátù. Ha! Ẹ ì bá wà ńbẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe sọ ọ́ rí. Mọ́tò kú, àgbàdo jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, Ìyá sọkún ayọ̀. Bàbá Ikúmápàyí fúnra rẹ̀ mi orí. Ó bi Tabitha bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá," ni Tabitha dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Mo rántí ẹ̀ kedere. Mọ́tò wa kú sọ́nà. Àgbàdo yẹn ṣì ń dùn lẹ́nu mi."

"Níbo ló ti kú?"

"Ní..." Tabitha yíjú. "Níbo ni, ìyálé mi?"

"Ṣàngó Ọ̀tà," ni Rọ̀kíbátù wí kíá.

"Ṣàngó Ọ̀tà ni, Bàbá."

Ó parí. Bàbá ní Rọ̀kíbátù ni ìyálé, kí Ọlọ́run fi yàrá náà tù ú lára. Wọ́n ṣe àmín ti mùsùlùmí, wọ́n ṣe ti kìrìsìtẹ́nì. Ó kù kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Adéjìmí ló wọlé pẹ̀lú rẹ̀, òróró ìlẹ̀kùn lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ní kó bá wọn tún ẹnu ìlẹ̀kùn Ìyá ṣe.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Rọ̀kíbátù kí i.

"Adéjìmí, ṣé ó ti ń tì báyìí?" ni Tabitha bi í.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan tó ṣàjèjì. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń pè é nìyẹn látọjọ́ tó ti wà ní ìkókó. Rọ̀kíbátù sì ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ta ló máa kà á sí? Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nílé yìí bí kò ṣe ta ló ṣáájú, ta ló tẹ̀lé e. Etí Rọ̀kíbátù là. Ó gbọ́ ẹnu ara rẹ̀.

Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ òòjọ́, tó bá ti ṣáájú rẹ dé, ọkọ rẹ ni. O ó wá nǹkan míì pè é. Àwọn tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tó o dé, o lè pè wọ́n bó ṣe wù ọ́, o lè gbá wọn létí pàápàá. Adéjìmí ṣe wá jẹ́ Bọ̀dá? Ọmọ tí Rọ̀kíbátù fọ ìlédìí rẹ̀, tó pọ̀n, tó nà nígbà tó ta bọ́tìnnì rẹ̀ ra súìtì, kí ló dé tó fi ń sọ "ẹ" fún un? Kí ló sì dé tí Tabitha ń pè é ní Adéjìmí gbalaja?

Nǹkan kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló jáde wá, ó sì jáde ní odidi, nítorí kò tíì sẹ́ni tó gbé e kaná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni. Òun jókòó sórí ẹní, Ìyá gbé ìkókó kan tó di ọwọ́ bí ẹni mú gègé ìkọ̀wé lé e lẹ́sẹ̀. "Gba ọkọ rẹ. Ó ṣáájú rẹ dé o. Má pè é lórúkọ." Òun ló ní, "Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀, akọ̀wé ni." Bí èyí ṣe dé ni ìyókù tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ igbe ọmọ tuntun látinú ilé bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ òórùn ọṣẹ dúdú nínú omi inú bàsíà. Omi ọmọ ni! Omi tí wọ́n gbé kaná láti fi wẹ ọmọ Oyèbísí ni Ìyá sáré bù wá sẹ́nu ọ̀nà fún ìyàwó tó pẹ́ dé.

Adéjìmí ti na kọ́kọ́rọ́ náà sí i. Gbogbo ojú ń rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún un, kọ́tìnnì búlúù ti wà lójú fèrèsé, bó bá sì gba kọ́kọ́rọ́ yìí, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láyé. Ó wù ú kó gbà á. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó wù ú débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ. Lójúlé kejì, rédíò ń sọ pé àwọn ṣọ́jà ti ń kẹ́rù wọn jáde.

"Rọ̀kíbátù, ṣé inú ń run ọ́ ni?" ni Ràmọ́nù bèèrè. Kò tíì bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó dákẹ́ sí rí.

"Tabitha," ni Rọ̀kíbátù wí. "Kí lo pe ọmọkùnrin yìí?"

"Adéjìmí ni. Kí ni kí n pè é?"

"Kí ni èmi ń pè é?"

"Bọ̀dá Ak..." Ẹnu Tabitha dúró síbẹ̀.

Oyèbísí ló kọ́kọ́ pariwo. Bàbá Ikúmápàyí sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Adéjìmí, ó bojú wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bóyá òróró ló ta sí i láṣọ.

"Bàbá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín," ni Rọ̀kíbátù wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ṣọ́jà bá lè gbé e sílẹ̀, ta ni Rọ̀kíbátù?" Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, eékún rẹ̀ dún pó, ó kúnlẹ̀ síwájú Tabitha. "Ẹ kú ọgbọ̀n ọdún, ìyálé mi."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Tabitha fò sókè. "Ẹ dìde! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé! Mo rántí mọ́tò yẹn, mo rántí àgbàdo!"

"Èmi ni mo jẹ àgbàdo! Èmi ni mọ́tò mi kú! Tabitha, kí ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá ní Ṣàngó Ọ̀tà? Ọ̀nà Ìkòròdú lẹ gbà wọ Èkó, òru lẹ rìn, àárọ̀ kùtù lẹ ti dé. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni Ṣàngó wà!"

Tabitha jókòó, ó ronú, ó tún dìde. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn lẹ́nu mi."

"Ọgbọ̀n ọdún lo fi ń jẹ àgbàdo ẹlẹ́gbẹ́ ẹ," ni Bàbá Ikúmápàyí wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Bóyá Ìyá mọ̀ ní gbogbo ìgbà náà, bóyá kò mọ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé Tabitha lọ́wọ́. Ó gbà á bí ẹni gba ẹyin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tabitha jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi." Rọ̀kíbátù fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀: "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Ṣé o sùn dáadáa?" Tabitha ti dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó rántí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín jí gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò jẹ́ kí Rọ̀kíbátù gbádùn. Kì í ṣe yàrá náà mọ́. Omi yẹn ni. Ìgbàkígbà tó bá ti sọ ìtàn rẹ̀, ibi omi ló máa ń dùn jù lẹ́nu rẹ̀, Tabitha á sì rẹ́rìn-ín, á ní tútù ni tòun. Ọmọge tó kúrò nílé ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó rin òru mọ́jú, tó dé ilé ọkọ láàárọ̀, omi tútù ni wọ́n fi kí i káàbọ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rí.

Nígbà tí Tabitha ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án, tó di ẹrù díẹ̀ láti kó wọ yàrá Ìyá, ó bá Rọ̀kíbátù níjòókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, bàsíà níwájú rẹ̀, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde nínú rẹ̀.

"Kí leléyìí?"

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Rọ̀kíbátù..."

"Ìyàwó tuntun kì í jiyàn. Ẹ bọ́ bàtà."

Tabitha bọ́ bàtà. Rọ̀kíbátù mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bu omi sí i, ó fọ̀ ọ́ láàárín ọmọ ìka. Ó mú ti òsì. Ẹsẹ̀ aránṣọ ni, abẹ́ rẹ̀ le nítorí ẹ̀rọ. Omijé Tabitha ń já bọ́ sínú bàsíà, kò sì nù ún.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé báyìí ló rí lọ́jọ́ náà?"

Rọ̀kíbátù la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Ó pa á dé. "Mi ò mọ̀ mọ́," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ má bínú." Ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, Tabitha sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ṣọ́ọ̀bù ti kún.

"Ẹ gbọ́ mi!" ni Rọ̀kíbátù ń wí, ó ti páálí bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàsíà fàdákà ni mo gbé. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́! Mo wá da lọ́fíńdà sínú ẹ̀, gbogbo àdúgbò ń ta sánsán!"

"Kò sí lọ́fíńdà nínú omi yẹn o," ni Tabitha kígbe látìdí ẹ̀rọ.

"Ó wà níbẹ̀, ìyálé mi. Ẹ ti gbàgbé ni."

Ẹsẹ̀ Tabitha dúró lórí ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè, ó fa imú díẹ̀. Àbí ó wà níbẹ̀ ni?